Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ní ilé-ìwé girama: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó lè ba ìwé-ẹ̀rí ọmọ jẹ́

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, ṣàṣà ni ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kì í jẹyọ. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì ti dínkù: ọmọ SS kò ní ṣe ju 8 tàbí 9 lọ, ti JSS sì wà láàárín 12 sí 14. Iṣẹ́ ọwọ́ 34 tó wà nínú ìlànà àtijọ́ ti di 6 péré: sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. Inú ọ̀pọ̀ òbí dùn pé ẹrù ọmọ fúyẹ́ díẹ̀. Inú tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú, n kò sì ní fi bò: ìdánwò ló ń darí ohun tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ. Bí ìlànà bá yí padà, tí ìdánwò àti bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún un kò bá yí, ohun àná náà la ṣì ń kọ́ wọn. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n bá gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò sì ní sọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n mọ̀.

Àṣìṣe tó yá jù láti ṣe ni kí a já ìlànà tuntun lu ọmọ tó ti rìn dé agbede méjì. Kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀: Primary 1, Primary 4, JSS1 àti SS1. Ọmọ tó wọ SS1 ní 2025 ni yóò bá a dé ìdánwò àṣekágbá ní 2028. Síbẹ̀, mo gbọ́ nípa ilé-ìwé kan tó ní kí àwọn ọmọ SS2 pa sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ tì, kí wọ́n mú òmíràn, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ìwé tí WAEC àti NECO bá fi síta fún ọdún tí ọmọ náà máa ṣèdánwò gan-an ni kí ẹ dì mú. Ẹ̀yin òbí, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín kí ẹ tó fowó ra ìwé kíkà tuntun.

Ọ̀rọ̀ Ìṣirò náà ti ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́nà. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìjọba kéde pé ẹni tó fẹ́ lọ ka ẹ̀kọ́ arts ní yunifásítì kò nílò kírẹ́dì Ìṣirò mọ́ kó tó wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣàlàyé pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC àti NECO. Apá àkọ́kọ́ nìkan làwọn ọmọ gbọ́, òun náà ni wọ́n sì gbá mú. Ọmọ tó ní lọ́yà lòun fẹ́ ṣe lónìí lè ní accounting lòun fẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí, ọmọdé ni. Bó bá ti kọ̀yìn sí Ìṣirò láti SS1, ta ni yóò bá a kọ́ ọ ní SS3?

Bí sọ́bújẹ́ẹ̀tì ṣe dínkù yìí, ṣe ni yíyan wọn le sí i. Tẹ́lẹ̀, ọmọ lè ní ọ̀kan tàbí méjì tó kàn ń gbé lọ. Ní báyìí, ẹyọ kan tí a bá ṣì yàn lè gba ipò èyí tí yunifásítì máa béèrè. Ọmọ tó ń fojú sí Nọ́ọ̀sì nílò Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. A1 nínú ẹran ọ̀sìn kò lè dúró fún Físíìsì níwájú àwọn tó ń gbani wọlé. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ jókòó ti ìwé tí JAMB ń tẹ̀ jáde lórí ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè, ní ìbẹ̀rẹ̀ SS1, kí ọ̀rẹ́ ọmọ tó bá a yàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó di SS3 kí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lò. WAEC ti sọ pé òun fẹ́ gbé ìdánwò lọ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá láti 2026. Kí a wá máa kó ọmọ lọ sí káfẹ́ ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kò tó. Ọmọ tó mọ ìdáhùn àmọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń padà sí ìbéèrè tó fò lójú kọ̀ǹpútà yóò pàdánù máàkì tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìdánwò tí a ń yí lè ṣi ẹsẹ̀ gbé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é pàápàá. Ní 2025, WAEC pín ìbéèrè oríṣiríṣi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì àti Economics kí jìbìtì lè dínkù. Nígbà tí èsì jáde lóṣù kẹjọ, ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní ó gba kírẹ́dì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Wọ́n tún un wò, wọ́n rí i pé àṣìṣe wọ inú máàkì, iye náà sì di 62.96. Ẹ rò ó wò, iye ọmọ tí wọ́n ti bú nílé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Tí èsì bá yani lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ fi wé ohun tí ọmọ náà ti ń ṣe ní kíláàsì kí ẹ tó fìyà jẹ ẹ́.

Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ńkọ́? Ó wúlò fún ọmọ tó wà nínú ìlànà àtijọ́. Fún SS1 tuntun, kí olùkọ́ fi sílàbọ́ọ̀sì síwájú.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí dáadáa, torí ibẹ̀ la ti ṣàṣìṣe nígbà kan rí. Ní 2011 ni iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ ilé-ìwé girama, tí wọ́n sì kọ́kọ́ jókòó ìdánwò wọn ní 2014. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n lè kọ́ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé mú. Data Processing gbòde kan nínú kíláàsì tí kò ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Mo ti ṣí ìwé ọmọ kan rí tó fi rúlà ya keyboard sínú rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀, olùkọ́ sì fi bírò pupa kọ 8 nínú 10 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi í bóyá ó ti tẹ̀ ẹ́ rí, ó mi orí pé rárá. Ọmọ yẹn lè gba kírẹ́dì o, nítorí ìwé nìkan ni wọ́n fi dán an wò.

Sólà lè rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí a kò bá ṣọ́ra. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé bátìrì la máa ń kọ́kọ́ so mọ́ charge controller, ẹ̀rọ tó ń darí iná tó ń wọ bátìrì, kí a tó so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, àti pé bí a bá fẹ́ tú u, páńẹ́ẹ̀lì ló máa ń kọ́kọ́ kúrò. Ó mọ̀ pé páńẹ́ẹ̀lì tí oòrùn bá ti ń pa, iná ti wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ orí tábìlì ló wà. Ìdánwò tó bá ní kí ọmọ dárúkọ oríṣi bátìrì mẹ́ta yóò fún ẹni tó há a sórí àti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ní máàkì kan náà. Èyí tó yẹ kí a máa béèrè ni kí wọ́n gbé bátìrì, wáyà, controller àti míta síwájú ọmọ, kó so ó, kó wọn fóltéèjì, kó kọ ohun tí míta sọ sílẹ̀, kó sì sọ ìdí rẹ̀ bí iye náà bá lọ sílẹ̀ jù.

Ọ̀gbìn náà ní tirẹ̀. Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gba kaṣú àti máńgòrò dáadáa, ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn àti bí wọ́n ṣe ń lọ́ igi mọ́ra wọn ti ní ohun tó lè tà. Àmọ́ ní ibi púpọ̀, kí ọmọ ro koríko àyíká ilé-ìwé tàbí kó lọ roko olùkọ́ ni wọ́n ń pè ní practical, ìjìyà sì ni wọ́n tún fi í ṣe fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Bí a bá ń fi oko jẹ ọmọ níyà, báwo ló ṣe fẹ́ yàn án tọkàntọkàn?

Àwọn tó mọ iṣẹ́ wà láàárín wa. Ọ̀gá télọ̀ wà ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe wà ní Takíe ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti tọ́ ọmọ iṣẹ́ títí wọ́n fi gba fírídọ́ọ̀mù. Àṣìṣe ni kí ilé-ìwé máa sọ pé wọn kò ní dìgírì, nítorí náà wọn kò lè kọ́ ọmọ. Kí olùkọ́ mú ti inú ìwé, kí ọ̀gá mú ti ọwọ́, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ohun tó rán, ibi tó ti bàjẹ́, bó ṣe tún un ṣe. Inú ìwé yẹn ló yẹ kí máàkì ilé-ìwé ti jáde. Kì í ṣe kí olùkọ́ jókòó ní SS3, kó máa fi orí rò ó pé ti Bọ́lá 25, ti Ṣẹ́gun 22.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ju ohun gbogbo lọ, kó má fi ojú ẹni tí kò mọ̀wé wo technical college. NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò, ti wà láti 1992, wọ́n ń ṣe ìdánwò tiwọn, ọ̀pọ̀ poly àti yunifásítì sì ń gba ìwé-ẹ̀rí wọn.

Ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀, ẹ bi pirinsípà léèrè: iṣẹ́ ọwọ́ wo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ilé-ìwé yìí mú, ta ni ń kọ́ ọ, irinṣẹ́ mélòó ló wà fún ọmọ mélòó, kí sì ni ọmọ yóò ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí SS1 tó parí? Bó bá ní irinṣẹ́ kò sí, ẹ ní kó kọ iye tí wọ́n máa náni sílẹ̀, kí a mọ èyí tí òbí lè dá jọ, èyí tí àwọn tó jáde ní ilé-ìwé náà lè rà, àti èyí tí a máa kọ lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò gbé lẹ́tà náà lọ, àti ọjọ́ tí yóò gbé e lọ, kí ìpàdé tó tú ká.