Bọ́ọ̀sì "ọ̀fẹ́" òtẹ́ẹ̀lì wa, àti bí a ṣe wá tètè dé Magic Kingdom pẹ̀lú àwọn ọmọ

Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́ ni, kó wá wo rìsíìtì mi. Alaalẹ́ ni òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí ní Orlando ń yọ owó kan tí wọ́n ń pè ní resort fee, yàtọ̀ sí owó yàrá. Nígbà tí mo béèrè ohun tí owó náà wà fún, wọ́n ní ti íntánẹ́ẹ̀tì ni, ti ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ni, àti ti bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó ń gbé àlejò lọ sí Disney World. Ọ̀fẹ́ tí à ń sanwó rẹ̀ lálaalẹ́!

Kí n sọ ìdí tí mo fi ń lé àárọ̀ kùtù. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ìlà máa ń kúrú jù ní Magic Kingdom, ọ̀kan lára àwọn ọgbà eré Disney World. Tó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn Florida á ti mú, ìlà ibi eré àwọn ọmọdé á ti gùn, àbígbẹ̀yìn wa á sì ti máa wá oorun rẹ̀. Àwọn tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney gan-an tiẹ̀ máa ń wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú gbogbo ayé. Owó yàrá tibẹ̀ kọjá agbára wa, nítorí náà ohun tó kù fún wa ni ká ti wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣí i ní aago 9.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì ò le, orí fóònù la ti rà á. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í san kọ́bọ̀, èyíinì ni ọ̀fẹ́ tòótọ́. Láti ọdún 3 sí 9, iye ọmọdé ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá ti pé 10, àgbà ni lójú wọn.

Ibi tí ẹjọ́ mi wà rèé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo lọ bá ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà, mo bi í pé aago mélòó ni bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń gbéra. Ó ní 7:30. Mo tún un bi. Ó ní 7:30 ni, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. A wọ aṣọ ọjọ́ kejì fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó sùn, torí ẹni tó bá ti bá ọmọ ọdún mẹ́rin fa ìjà ìbọ̀sẹ̀ rí láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a ti wà níta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ, omi àti búrẹ́dì wa.

Bọ́ọ̀sì dé. Awakọ̀ yọ ìwé kan, ó ń pe orúkọ. Kò pe tiwa. Ó ní ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lálẹ́ àná kò ní àyè. Àyè wo? Ìjókòó tó ṣófo nìyẹn lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wò ó kòrókòró. Ó ní ti àwọn tí òun máa lọ gbé lójú ọ̀nà ni. Mo padà sídìí káńtà, ẹlòmíì ló ti wà níbẹ̀. Onítọ̀hún fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún mi pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ta ló ń lọ kàwé lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù? Èmi tí mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, ẹnu káńtà yẹn ò lè sọ ọ́?

Bọ́ọ̀sì kejì di 8:15. Nígbà tó wá gbé wa tán, ó tún ń yà káàkiri. Ó yà sí òtẹ́ẹ̀lì kan, ó yà sí òmíràn, níbi tí gbogbo wa ti jókòó de ìdílé kan tí bàbá wọn gbàgbé fóònù sí yàrá. Wọ́n ti ká kẹ̀kẹ́ ọmọ sínú àpótí ẹrù, àbígbẹ̀yìn wà lórí itan mi, ó ń ké. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun fẹ́ tọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ń wo aago, èmi ń wo bàbá wọn.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró, mo rò pé a ti dé. A ò tíì dé. Transportation and Ticket Center, ìyẹn ibùdókọ̀ Disney, ni wọ́n já wa sí, adágún omi ńlá kan ló sì wà láàárín ibẹ̀ àti géètì Magic Kingdom. Ẹ ó kọ́kọ́ tò fún àyẹ̀wò àpò, kí ẹ tó wá wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí monorail, ìyẹn ọkọ̀ tó ń gba orí òpó lọ. Bọ́ọ̀sì àwọn òtẹ́ẹ̀lì Disney ní tiwọn, iwájú géètì gan-an ni wọ́n ń já èèyàn sí. Kò sẹ́nì kankan ní òtẹ́ẹ̀lì wa tó ronú pé ó yẹ ká mọ̀. Aago 9:30 ti kọjá dáadáa kí a tó wọlé, ìlà tí a torí rẹ̀ jí ti jáde síta. Mo béèrè owó mi padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Máníjà dá ti ọjọ́ kan padà láìjiyàn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n fura pé èmi kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó bá a fà á.

Nígbà tí a máa padà lọ sí Magic Kingdom lọ́jọ́ mìíràn, a háyà mọ́tò tó ní ìjókòó ọmọdé. Láti ẹnu géètì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, mo wá ń kà á bọ̀ sẹ́yìn: ká wà lẹ́nu géètì ní 8:15, ká ti kúrò nídìí àyẹ̀wò àpò kí 7:45 tó lù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí ibùsùn. Mo ya àwòrán ibi tí a gbé mọ́tò sí. Tráàmù, ọkọ̀ gígùn kan, wà tó ń kó èèyàn láti ibẹ̀ lọ sí Transportation and Ticket Center, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ká kẹ̀kẹ́ ọmọ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, a kúkú fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ ojú omi ló tù wá lára, ọmọ ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn wọ Main Street, òpópónà tó wà lẹ́yìn géètì, kí aago 9 tó lù, wọ́n á sì fi okùn dá yín dúró nítòsí ààfin. Àwọn tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney á gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá. Ẹ fara dà á. Bí okùn ṣe kúrò, ìdí Seven Dwarfs Mine Train, ọkọ̀ ojú irin eré kan, la gbà lọ tààrà. Ọmọ tí kò bá ga tó 97 sẹ̀ǹtímítà kò lè gùn ún (ti Space Mountain, ọkọ̀ eré mìíràn níbẹ̀, jẹ́ 112), ara ògiri ilé ni mo ti wọn tiwa, kí ẹkún má baà ṣẹlẹ̀ níwájú èrò. Ti àbígbẹ̀yìn, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹ fẹ́ Rider Switch: òbí kan á dúró ti ọmọ, èkejì á gùn ún, lẹ́yìn náà ni ẹni tó dúró á wọlé láìtún tò látìbẹ̀rẹ̀. Kí aago 10 tó jìnnà, a ti parí èyí tí àwọn tó dé lẹ́yìn wa ń làágùn lé lórí. Mo ń yan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì lẹ ṣì fẹ́ wọ̀, ẹ má béèrè aago nìkan. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì mélòó ló ń yà sí, ibo gan-an ló ń já èèyàn sí, àti ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn ń padà. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ gbé oúnjẹ àwọn ọmọ dání, wọn ò ní dá yín lẹ́kun, ohun tó bá wà nínú ìgò gíláàsì ni wọn ò fẹ́. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju 79 sẹ̀ǹtímítà lọ, kò sì gbọ́dọ̀ gùn ju 132 lọ. Wọn ò gba kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń fà láti ọdún 2019, síbẹ̀ ìdílé kan gbé e dé ìdí àyẹ̀wò níṣojú wa, wọ́n dá wọn padà sínú mọ́tò. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìlédìí tàbí fọ́mọ lọ́mú, Baby Care Center wà ní òpin Main Street, ó tutù, ó sì pa rọ́rọ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n ni a jáde lọ sùn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà la fi padà wọlé nírọ̀lẹ́, wọn ò sì gba owó ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kejì, torí èyí tí a san láàárọ̀ ká ọjọ́ náà já.