Bí ẹ ṣe lè fọ̀rọ̀ wá ẹ̀rọ tuntun lẹ́nu wò kẹ́ ẹ tó gbà á wọlé, lásìkò tí ayé ń gbóná yìí

Ẹ̀rọ tuntun bá dé, ohun tá a sábà máa ń bèèrè ni pé ṣé ó yára, ṣé owó ẹ̀ ò wọ́n jù, ṣé báàtìrì ẹ̀ máa ń pẹ́. Ní báyìí tójú ọjọ́ ti ń yí padà, àwọn kan ti fi ìkan kún un: kábọ́ọ̀nù tó máa tú sáfẹ́fẹ́, ìyẹn gáàsì tó ń mú ayé gbóná, ńkọ́? Ìbéèrè dáadáa ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé irú ìgbé ayé wo gan-an ni nǹkan yìí fẹ́ bá wa gbé ró? Tẹ́ ẹ bá fo ìyẹn, ẹ lè ka kábọ́ọ̀nù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa jù sílẹ̀ àtèyí tẹ́ ẹ máa dì mú. Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ẹ lè lò ó fún fóònù, fún mọ́tò, fún AC, fún AI, àní fún ohun tíjọba bá lóun fẹ́ kọ́ sí àdúgbò yín.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan

Ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lè ṣe sí i, ẹ má kọ orúkọ ẹ̀rọ kankan síbẹ̀. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti Martha Nussbaum, fìlọ́sọ́fà, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ayé èèyàn dáa, ẹ má wo ohun tó ní nìkan, ẹ wo ohun tó lè fi ayé ẹ̀ ṣe. Ẹ wo mọ́tò. Kì í ṣe irin yẹn gan-an lèèyàn ń wá, ó fẹ́ débi iṣẹ́ lásìkò, ó fẹ́ gbé ọmọ tára ẹ̀ ò yá dé ọsibítù lóru, ó fẹ́ lọ wo ìyá ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ báyẹn, ọ̀nà míì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, bọ́ọ̀sì tó ń dé lásìkò, ọkọ̀ ojú irin, kẹ̀kẹ́, ọsibítù tó sún mọ́lé, tó bá sì wá jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ mọ́tò náà ló kù, ẹ ti mọ ìdí ẹ̀ nìyẹn.

AC ńkọ́? Ohun tá a ń wá níbẹ̀ ni kára tutù, kéèyàn rí oorun sùn, kí àgbàlagbà má kú sínú ooru, ìyẹn kì í sì í ṣe fàájì o. Lọ́dún 2003, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé ooru tó mú ní Yúróòpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pa èèyàn tó ju 70,000 lọ. Igi tó ń ṣíji bolé, òrùlé funfun, fèrèsé tó kọjú síra, fáànù, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń dín ooru kù, ẹ kọ́kọ́ lò wọ́n. Àmọ́ níbi tóoru bá ti ń pa arúgbó àti aláìsàn, AC ń gba ẹ̀mí là, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀.

Ẹ ya ohun tí ò ṣeé máà ní sọ́tọ̀

Henry Shue, fìlọ́sọ́fà ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 1993 pé èéfín tó ń wá látinú ohun téèyàn fi ń gbẹ́mìí ró kì í ṣe ẹgbẹ́ èéfín tó ń wá látinú ìgbádùn, kò sì yẹ ká kó wọn pọ̀ bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an. Èèyàn tó ju bílíọ̀nù 2 lọ ló ṣì ń fi igi, èédú tàbí ìgbẹ́ ẹran dáná, èéfín inú ilé yẹn sì ń pa ọ̀kẹ́ àìmọye lọ́dọọdún, àtìyá àtọmọ. Ká ní ẹnì kan fẹ́ fún wọn ní sítóòfù gáàsì, kẹ́nì kan tó ń wọ bàálù kiri wá dìde pé rárá, gáàsì ń mú ayé gbóná. Òótọ́ ni pé ó ń mú un gbóná, iná mànàmáná látara sólà ló máa dáa jù tó bá wà, àmọ́ tí ò bá tíì sí, ẹ gbé gáàsì fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ń ṣírò ohun tó yẹ kó dín kù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ń lo kékeré jù.

Ẹ bi í pé: tó bá wá pọ̀ ńkọ́?

Lọ́dún 1865, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Stanley Jevons kíyè sí i pé ẹ́ńjìnnì James Watt ń jẹ èédú tó kéré gan-an sí tàwọn tó wà ṣáájú ẹ̀, ó yẹ kí èédú tí wọ́n ń sun nílùú dín kù, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń pọ̀ sí i, torí bí ìnáwó ẹ̀ ṣe já wálẹ̀ yẹn, ṣe ni wọ́n ń gbé e lọ síbi tí wọn ò gbé e dé rí. Bó ṣe rí náà nìyẹn títí dòní. Iná tí kọ̀ǹpútà ń jẹ lórí ìṣirò kan ṣoṣo ti kéré gan-an sí tàtijọ́, síbẹ̀ àjọ IEA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná àti epo lágbàáyé, sọ pé lọ́dún 2024, àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà íntánẹ́ẹ̀tì àti AI sí jẹ iná tó tó terawatt-hour 415, ìyẹn nǹkan bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí gbogbo ayé lò.

Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ tàwọn kì í jẹ iná púpọ̀, ẹ bi í pé lápapọ̀ ńkọ́, ibo lẹ fẹ́ kó dúró? Ẹ ṣe é fúnra yín náà. Tí gílóòbù LED bá dín owó iná yín kù, ẹ pinnu lọ́jọ́ yẹn gan-an ohun tẹ́ ẹ máa fowó tó ṣẹ́ kù ṣe, torí tẹ́ ẹ bá fi í ra ohun míì tó ń jẹ iná, ibi tẹ́ ẹ wà náà lẹ wà.

Ẹ wo ọ̀nà jíjìn, kẹ́ ẹ sì wá ọ̀nà àbọ̀

Ẹ gbọ́ ìtàn fíríìjì. Àwọn gáàsì tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò nínú ẹ̀ jẹ́ májèlé, tó bá jò ó lè pa ará ilé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ 1930, Thomas Midgley àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé gáàsì tuntun kan tí wọ́n ń pè ní CFC jáde, kì í gbiná, kì í sì í pààyàn, ìdánwò tó bá wù yín lásìkò yẹn ló máa yege. Ó di 1974 kí Mario Molina àti Sherwood Rowland tó fi hàn pé ó ń gòkè lọ ba ozone jẹ́, ìyẹn ohun tó ń gba ìtànṣán oòrùn tó le lórí wa. Lọ́dún 1985 wọ́n kéde pé ozone náà ti ń lu lókè Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ayé fọwọ́ sí àdéhùn Montreal, wọ́n sì ń pa á tì díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku èyí: gáàsì tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, HFC, kì í ba ozone jẹ́ àmọ́ ó ń mú ayé gbóná burúkú, ìyẹn ni wọ́n tún fi pàdé ní Kigali, ní Rwanda, lọ́dún 2016 láti dín in kù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé Midgley ò ṣe ìkà, ibi tí ojú ẹ̀ mọ ló kéré sí ibi tọ́wọ́ ẹ̀ dé. Fìlọ́sọ́fà kan tó ń jẹ́ Hans Jonas ti kìlọ̀ nípa irú ẹ̀ lọ́dún 1979, pé agbára wa ti ń lọ jìnnà ju ohun tá a lè rí tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ìgbé ayé àwọn tí wọn ò tíì bí gbọ́dọ̀ wọnú ìpinnu wa. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹ̀rọ nìyí: tá a bá rí i lẹ́yìn 30 ọdún pé a ṣìnà, ṣé a lè padà? CFC ṣeé dá dúró. CO2, ìyẹn gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ń jáde tá a bá sun èédú tàbí epo, le ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n tó máa sun èédú ní iléeṣẹ́, ó wà ní nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó ti tó 315 nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Charles Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, ó ti kọjá 420 báyìí, apá kan nínú èyí tá a sun lónìí á ṣì wà lókè lẹ́yìn 1,000 ọdún.

Ìbéèrè yìí kan náà ni mo fi ń wo àwọn tó fẹ́ máa fọ́n sulfur sókè láti fi dènà oòrùn. Wọ́n mọ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́, torí nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Pinatubo ní Philippines bú gbàù lọ́dún 1991, tó sì fọ́n sulfur sókè, ayé tutù ní nǹkan bí ààbọ̀ dígírì fúngbà díẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tí CO2 ò sì dín kù, tí ogun tàbí àìlówó wá dá a dúró lójijì, ooru tó ti fara pa mọ́ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, CO2 á sì ti máa sọ omi òkun di kíkan sí i ní gbogbo àsìkò yẹn. Kí wọ́n máa ṣèwádìí ẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má fi rọ́pò dídín èéfín kù.

Ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín

Albert Borgmann, fìlọ́sọ́fà kan, lọ́dún 1984, fi ibi ìdáná tí wọ́n ń yá lábẹ́ òrùlé láyé àtijọ́ ṣàpẹẹrẹ. Ẹnì kan á la igi, ẹnì kan á dáná, ẹnì kan á máa ṣọ́ ọ, gbogbo ilé á sì jókòó yí i ká. Hítà wá dé, ooru kàn ń yọ lára ògiri, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kálukú wọ yàrá ẹ̀. Ẹ má wá torí ìyẹn máa yin ìyà o, ẹni tó ń ru igi ọ̀hún níbi tó pọ̀ láyé, obìnrin àtọmọdébìnrin ni, ó sì ti gba ìwé kíkà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ ya wàhálà lásán kúrò lára iṣẹ́ tó jẹ́ pé inú ẹ̀ gan-an la ti ń gbáyé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gba aṣọ fífọ̀. Àmọ́ kí ẹ̀rọ máa bá yín kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sí ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣọ̀fọ̀, kí lẹ wá fún un?

Ẹ tún wò ó bóyá ẹ lè ṣí i, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ pààrọ̀ báàtìrì ẹ̀. Ibi tó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù fóònù ti jáde tán ní iléeṣẹ́ kẹ́ ẹ tó tàn án, torí náà kẹ́ ẹ lo èyí tó wà lọ́wọ́ yín pẹ́ sí i ló dáa ju kẹ́ ẹ lọ ra tuntun tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ba àyíká jẹ́.

Àwọn ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ ò lè dá dáhùn, ọ̀nà, wáyà iná, ibi tílé àtibi iṣẹ́ wà síra, ẹ gbé wọn lọ sí ìpàdé àdúgbò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ aṣòfin, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀.

Tí ìdáhùn bá wá ń tako ara wọn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ohun tẹ́mìí ò lè ṣe láìsí máa ṣáájú, kí ohun tí ò ṣeé dá padà tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó wo owó àti ìrọ̀rùn. Kẹ́ ẹ kọ déètì sí bébà yẹn, kẹ́ ẹ tún gbé e yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan, torí iye owó sólà àti báàtìrì ń yí padà kíákíá, ohun tẹ́ ẹ kọ̀ lónìí lè di èyí tó yẹ kẹ́ ẹ gbà nígbà yẹn.