Ọkọ̀ àjẹ̀ fún fàájì: bí owó ò bá pọ̀, kí la máa wò ká tó rà?

Àbúrò mi kan tó ń gbé Ìkòròdú fẹ́ ra ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré tí òun àti ìyàwó rẹ̀ á máa fi ṣeré lórí ọ̀sà lọ́jọ́ Sátidé. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò ká tuntun. Ó ti rí àlòkù méjì ní Ẹ̀pẹ́, ló bá kó ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀gbọ́n, pákó ni kí n rà àbí fáíbà, èyí tó dà bí ike líle?

Pákó ló máa ń rọjú lọ́jọ́ tí o bá rà á, àmọ́ ìnáwó rẹ̀ kì í tán síbẹ̀. Nígbà òjò, omi odò máa ń pọ̀ nínú ọ̀sà Èkó. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, ọ̀sà á di oníyọ̀. Kòkòrò kan wà nínú omi oníyọ̀ tó jẹ́ pé inú igi ló ń gbé. Ara pákó lè máa dán lóde kí inú ti di afárá oyin. Torí náà, béèrè irú igi tí wọ́n fi kàn án. Ìrókò àti òpépé máa ń pẹ́. Arère fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́ jẹrà.

Fáíbà kì í jẹrà, èèyàn méjì sì lè gbé èyí tó kéré. Bí ẹ ò bá lè gbé ọkọ̀ yín kúrò nínú omi, ẹ máa sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ létí omi lóṣooṣù. Fún ẹni tó ń lọ lọ́jọ́ Sátidé nìkan, fáíbà àlòkù ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju pákó lọ.

Èyí tó jẹ́ pákó ń jò. Ẹni tó ń tà á ní tó bá pẹ́ nínú omi, á dá. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ fi irọ́ tà á fún mi?

Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Pákó tó ti gbẹ nínú oòrùn máa ń súnkì, àlàfo á sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Tó bá mumi, á wú, á dí i padà. Ní kó jẹ́ kó wà nínú omi fún ọjọ́ méjì, kí ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, kí o wá jókòó tì í. Bí omi bá ṣì ń yọ lójú kan náà, ìṣó ti jẹ tàbí igi ti rà.

Kí o tó sanwó, ẹ yí i dojú dé, kí o fi èkù ọ̀bẹ kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn. Igi tó yè á máa dún kó, kó, kó. Ibi tó ti rà á dún bù, bí ìgbà téèyàn lu tìmùtìmù. Lẹ́yìn náà, ti ṣóńṣó ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìṣó tó ti dógùn-ún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní búlúù lọ́dún tó kọjá. Ńṣe ni ọ̀bẹ wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì, tí omi dúdú tẹ̀ lé e jáde. Ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ àtijọ́ máa ń bà mí lẹ́rù.

Ní ti fáíbà, fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn lè jẹ́ ojú ara lásán, àmọ́ ibi tó bá ń tẹ̀ wọlé ti bàjẹ́ nínú. Ẹ gbé e lé igi méjì, ẹ bu omi sínú rẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ti ń kán.

Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi tí a wọ̀ ń mì ṣáá, ìyàwó mi ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó tún ń yí kiri, kò lọ tààrà.

Wá èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 16. Èyí tó kúrú jù ló máa ń yí kiri. Àmọ́ bi ara rẹ: ta ló jókòó síwájú? Bó bá jẹ́ ìwọ tó wúwo jù ni, imú ọkọ̀ á rì, ẹ̀yìn á léfòó, atẹ́gùn á sì máa fi ẹ̀yìn yẹn ṣeré. Ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí, kí o sì mú ìjókòó sún mọ́ ìsàlẹ̀. Tí o bá fa àjẹ̀ dé ìbàdí rẹ, yí ojú rẹ̀ síta díẹ̀ kí o tó yọ ọ́ lómi. Imú ọkọ̀ á padà sójú ọ̀nà. Ní kí ìyàwó rẹ jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi tí omi ò ti kọjá orúnkún.

Ṣé mo lè fi owó jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó sílẹ̀ dìgbà mìíràn?

Rárá o, àbúrò mi. Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí owó ọkọ̀ bá ti jẹ owó jákẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ yẹn wọ́n jù fún ọ lóṣù yìí, dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́ tí o bá ń lọ Ẹ̀pẹ́, pè mí láàárọ̀. Màá mú ọ̀bẹ mi dání.