Bí èmi àti àwọn ọmọ mẹ́sàn-án ṣe gbin ìrókò ní Kétu

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí. Wọ́n á gbin igi, wọ́n á ya fọ́tò, ewúrẹ́ á sì ti jẹ ẹ́ kí oṣù tó parí. Èmi ò fẹ́ irú ìyẹn. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti kó ọmọ àdúgbò mẹ́sàn-án jọ, mo ní ìrókò la ó gbìn, inú hóró rẹ̀ la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Abo ìrókò ló ń so, akọ kì í so. Bàbá tí abo kan wà nílẹ̀ rẹ̀ bi wá pé kí là ń wá nídìí igi olúwéré. A dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín. Àdán ti jẹ èso náà kù, a ṣa ìyókù, a fọ̀ ọ́, a sá hóró rẹ̀ síbòòji. Hóró ọ̀hún kéré débi pé bí o bá sín, ó ti lọ. (Ẹnìkan sín lóòótọ́.) Ọ̀rá omi tí a ṣà lójú títì la lu ihò sí nídìí, a rọ erùpẹ̀ sí i.

Omi ni ìṣòro ní Kétu. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ibi tí a ti ń lọ pọn omi ni àwọn ọmọ náà ti ń sọ tinú wọn fún mi, kì í ṣe ìgbà tí mo bá jókòó gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Ìrókò náà hù dáadáa. Mo wá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sójú oòrùn kí ara rẹ̀ lè le. Àṣìṣe ńlá! Kò pẹ́ tí orí àwọn ìrókò náà fi wú kókó, kókó bẹ́, ọ̀mùnú jẹrà. Ọmọ kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma ló ń wọ inú ọ̀mùnú ìrókò bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, tèmi ò ṣe nǹkan kan." Ó ti gbé tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀, nítorí ewúrẹ́. A tẹ̀ lé e délé, ewé wọn ń dán.

Mọ́kànlá la gbìn nígbẹ̀yìn, láàárín òtìlí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ló ń pín iṣẹ́ omi báyìí, èmi náà ní ọjọ́ tèmi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo lọ wo àwọn igi náà: méjì ti yọ kókó. Ó ti gé e, ó ti sun ún, kí n tó dé.