Bí A Ṣe Ń Wọn Iyọ̀ Sọ́bẹ̀ Ẹni Tó Ń Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ní ìlú Jena ní Jámánì àti ní Milan ní Ítálì kéde pé iyọ̀ ń mú kí sẹ́ẹ̀lì CD8, ọdẹ inú ẹ̀jẹ̀ wa, túbọ̀ gbóná mọ́ jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá tìtorí èyí bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ aláìsàn ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì yẹ kí á mọ ìdí rẹ̀ kí á tó dé ìdí ààrò.

Ohun tí wọ́n rí ni pé, bí omi tó yí sẹ́ẹ̀lì yìí ká bá níyọ̀ dáadáa, ẹ̀rọ kékeré ara awọ rẹ̀, tó ń ti sódíọ̀mù (èròjà kan nínú iyọ̀) síta tó sì ń fa pọtásíọ̀mù wọlé, á máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan, kálísíọ̀mù á sì ráyè wọlé, èyí tó ń jẹ́ kí ọdẹ náà lè gbógun ti ọ̀tá. Ṣùgbọ́n inú àwo ìwádìí àti ara eku ni wọ́n ti rí i. Kíndìnrín ènìyàn kì í jẹ́ kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kọjá ààlà bọ̀rọ̀, bí a tilẹ̀ da ṣíbí mẹ́ta sí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ń fà. Ìwádìí ìlú Bonn ní Jámánì lọ́dún 2020 ló tilẹ̀ kan aláìsàn jù: àwọn tí ara wọn dá, tí wọ́n jẹ gíráàmù 6 iyọ̀ kún ti tẹ́lẹ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ni sẹ́ẹ̀lì wọn tó ń pa bakitéríà di ọ̀lẹ. Oògùn jẹjẹrẹ sì sábà máa ń dín irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, èyí tí kò kún ṣíbí ìpotíì kan. Nítorí náà, ní òwúrọ̀, ẹ bu ìdajì ṣíbí náà sínú ìgò kékeré kan fún aláìsàn, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún búrẹ́dì àti Magí. Ẹ wo ara pépà Magí: iyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ sódíọ̀mù ni wọ́n kọ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5, iye iyọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí ìkòkò bá jẹ́ ti gbogbo ilé, ẹ bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi iyọ̀ sí ìyókù, kí ẹ sì jẹ́ kí irú, ata àti ẹfinrin gbé adùn rẹ̀. Ẹ sáà bi onírú bóyá ó ti fi iyọ̀ sí i.

Bí àmàlà Bódìjà bá ń wù ú, kò sí ìjà, nítorí àmàlà fúnra rẹ̀ kò níyọ̀. Inú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata ni iyọ̀ wà, lẹ́ẹ̀mẹta lórí àwo kan, káún inú ewédú náà sì ní sódíọ̀mù. Ẹ ní kí wọ́n dín ọbẹ̀ ata kù. (N kò tíì rí ọmọ Ìbàdàn tí yóò gbà kí á yọ gbẹ̀gìrì.)

Ṣùgbọ́n bí oògùn bá ń mú un bì tàbí yàgbẹ́ gbuuru, ẹ dáwọ́ ìwọ̀n yìí dúró, nítorí iyọ̀ ń bá omi ara jáde nígbà náà. Ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà rẹ̀, ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn tàbí ibi yòówù tí ó ti ń gba ìtọ́jú, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.