Ẹ Wo Omi Kí Ẹ Tó Bu Ajílẹ̀: Ìtọ́jú Ohun Ọ̀gbìn Inú Ìkòkò

Bí ewé ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò bá ń gbẹ létí, ajílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré mú. Ẹ dúró ná. Ẹ wo ojú ilẹ̀ àti etí ìkòkò: ṣé ohun funfun bí ẹfun ti lẹ̀ mọ́ ọn? Iyọ̀ ni. Inú ajílẹ̀ àti omi tí ẹ ń bu sí i ló ti wá. Ní oko, òjò a máa fọ irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Ti inú ìkòkò kò ríbi gbà. Bó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò kò ní lè fa omi mọ́, òùngbẹ á sì máa gbẹ ohun ọ̀gbìn náà nínú ilẹ̀ tútù.

Fífọ̀ ni ọ̀nà àbáyọ. Ẹ gbé ìkòkò síbi tí omi ti lè ṣàn lọ, kí ẹ rọra da omi tó mọ́ sí i, ìlọ́po méjì ohun tí ìkòkò gbà. Ìkòkò lítà 5, omi lítà 10 nìyẹn. Ẹ da omi tó ro sínú àwo ìsàlẹ̀ nù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ inú ìkòkò yóò tún fa iyọ̀ yẹn mu. Ìkòkò tí kò ní ihò ńkọ́? Ẹ lu ún. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń kó sí ìdí rẹ̀ kò rọ́pò ihò o.

Omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dín kíkan ilẹ̀ kù, tí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, yóò fi máa gòkè. Láàárín 5.5 sí 6.5 ló dára fún ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò. Bó bá kọjá 7, irin tó jẹ́ ara oúnjẹ ohun ọ̀gbìn lè wà nínú ilẹ̀ kí gbòǹgbò má rí i mú: ewé tuntun á di yẹ́lò, iṣan rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Omi òjò ni kí ẹ máa bu sí irú èyí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ewé àgbà ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ di yẹ́lò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ náítírójìn, oúnjẹ tí ewé fi ń dàgbà, ni kò tó. Ajílẹ̀ dé àyè rẹ̀ nìyẹn.

Ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára àpò ni èmi máa ń lò. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin ín, torí ajílẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ a máa jó gbòǹgbò. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ tó oṣù kan. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn dáadáa kì í jẹun púpọ̀: ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé ná, kí ẹ tó ronú ajílẹ̀.