Kí o tó lọ ṣe àyẹ̀wò ohun tó ń hun ara rẹ

Ọyẹ́ ti dé sí Ìlọrin, imú ń yún ọ, o sì ń lo Piriton lálaalẹ́. Bí o bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò orí awọ, níbi tí wọ́n ti ń kán ohun tó lè hun ọ́ sí awọ, tí wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ díẹ̀, bi dókítà, kí o dá a dúró fún ọjọ́ 7 ṣáájú. Ìfàsímú ikọ́ fée ńkọ́? Má fi ìyẹn sílẹ̀ o.

Pròtéènì IL-4 àti IL-13 ló ń rán ara níṣẹ́ pé kó ṣe IgE, èròjà ààbò ara tó ń dá ohun tó ń hun ni mọ̀, èyí tó ń lọ jókòó sára sẹ́ẹ̀lì mast, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ààbò tó wà nínú awọ. Tí kòkòrò inú eruku bá kàn án, sẹ́ẹ̀lì náà á tú histamine, èròjà tó ń mú ara yún, jáde, awọ á lé. Piriton ló ń dí histamine yẹn lọ́nà, nǹkan kan ò ní lé, wọ́n á ní kò sí nǹkan tó ń hun ọ́. Irọ́ gbuu!

Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́yìn tí wọ́n gún ọ ni wọ́n ń wọn bí awọ ṣe lé tó. Èyí tó bá fi mílímítà 3 ju ojú ibi tí wọ́n kán omi iyọ̀ lásán sí láti fi ṣe àfiwé lọ ló ka.